Orí Keje: Oògùn RNA àti Àrùn Ìgbàgbé

Ní Ọ̀tan Ayégbajú, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ìyá àgbà kan bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọbẹ̀ tó jinná, tàbí tí bàbá kan bá ṣìnà lójú ọ̀nà oko tó ti ń tọ̀ láti kékeré, ohun tí àwọn ará ilé sábà máa ń sọ ni pé àgbà ló dé, ó ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kì í sọ ènìyàn di bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ṣì ń ki oríkì agboolé wọn láìfo ẹnì kan. Ìgbàgbé tó bá ń gba ìṣirò owó, orúkọ ọmọ àti ọ̀nà ilé lọ́wọ́ ènìyàn, àrùn ọpọlọ ni.

Àrùn ìgbàgbé kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ láyé ni Alzheimer, tí dókítà ọmọ Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906 lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ obìnrin kan tó ti tọ́jú rí wò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ ń fà. Ẹ fi èkejì yìí sọ́kàn. A ó padà sí i. Àìtó fítámì B12, àìsàn ọrùn tó ń jẹ́ táírọ́ìdì, àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tún máa ń mú kí àgbà máa gbàgbé nǹkan, àwọn wọ̀nyí sì ṣeé tọ́jú. Nítorí náà, àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú orúkọ yòówù tí a bá fẹ́ fún àìsàn náà.

Ohun tí wọ́n rí ní Ìdíkàn

Ìwádìí tó fún wa ní òye jù lọ nípa àrùn yìí láàárín Yorùbá kò jìnnà sí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣuntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà pinnu láti fi irinṣẹ́ kan náà wo ẹgbẹ́ àwọn àgbà méjì tí ìran wọn bára tan: àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Ìdíkàn, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Indianapolis. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àgbà tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n á fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà àtijọ́ wá ọjọ́ orí rẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kàwé, wọ́n ṣe ìbéèrè kan tí kò béèrè kíkà tàbí kíkọ, wọ́n sì ń bá ọmọ tàbí ìyàwó àgbà náà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó ti yí padà nínú ìwà rẹ̀. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró.

Èsì tó jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu. Nínú 1,000 àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè tí ọpọlọ wọn ṣì pé, nǹkan bí 13 sí 14 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò tíì yé gbogbo ènìyàn tán. Oúnjẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ìlera iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí. Kò sì yẹ ká gbàgbé pé nílé wa, ọmọ lè máa bo àléébù ìyá rẹ̀ níwájú àlejò.

Ohun kejì tí wọ́n rí ló kan orí yìí jù. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOE, tó wà lórí kírómósómù 19. Oríṣi rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní e4, wà lára àwọn àmì ewu àjogúnbá tó lágbára jù fún Alzheimer láàárín àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ní e4 yìí. Síbẹ̀, ní Ìbàdàn, ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe ní 2014 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọdún àkíyèsí, àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá nìkan ni ewu náà hàn lára wọn. Jíìnì kan náà, ìwọ̀n ewu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn tó dojú kọ jíìnì kò lè fojú fo irú ọ̀rọ̀ yìí.

Wàláà tí sẹ́ẹ̀lì ń lò

Ẹ ó rántí láti Orí Kẹfà pé DNA kì í jáde kúrò nínú kókó sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni àwọn jíìnì wà, tí a fi lẹ́tà mẹ́rin kọ: A, T, G àti C. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kókó ni ibi tí wọ́n ti ń hun purotéènì wà. Báwo ni ọ̀rọ̀ inú DNA ṣe ń dé ibẹ̀?

Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé kéwú rí yóò tètè mọ̀ ọ́n. Kùránì kì í kúrò níwájú àfáà. Ọmọ kéwú a fi tàdáwà da ẹsẹ tó kàn án kọ sórí wàláà, a máa kà á títí yóò fi mọ́ ọn lórí, lẹ́yìn náà a fọ wàláà náà kí ó lè gba ẹsẹ mìíràn. RNA òjíṣẹ́ ni wàláà sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀dà jíìnì kan ṣoṣo ni, wọ́n kọ ọ́ fún lílò, sẹ́ẹ̀lì a sì fọ̀ ọ́ nù láìpẹ́. Sydney Brenner, François Jacob àti Matthew Meselson wà lára àwọn tó fi hàn ní 1961 pé ẹ̀dà yìí wà ní tòótọ́. Nínú lẹ́tà rẹ̀, U ló dúró sí àyè T.

Bí wàláà bá fọ̀ kí ọmọ tó kà á, ẹsẹ náà kò ní dé etí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Kùránì kò yí padà. Èrò tó wà nídìí ọ̀pọ̀ oògùn RNA kò ju èyí lọ. A kò fọwọ́ kan DNA ẹni. Ẹ̀dà ni a ń fọ̀. Bí a bá dáwọ́ oògùn dúró, sẹ́ẹ̀lì yóò tún máa kọ ẹ̀dà tuntun bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí irú oògùn yìí fi ń béèrè pé kí a máa tún un gbà, ìdí náà sì nìyí tí a fi lè pa dà lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ṣe ìpalára.

Kí ni a fẹ́ fọ̀?

Nínú ọpọlọ ẹni tó ní Alzheimer, nǹkan méjì ló ń ṣùjọ. Èkíní ni amyloid, tó ń dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Ara purotéènì kan tó ń jẹ́ APP ni ẹ́ńsáìmù ti ń gé e. Èkejì ni tau. Nínú ọpọlọ tó dá ṣáṣá, tau ló ń gbé àwọn ọ̀pá tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì ró. Nínú àìsàn yìí, a máa já kúrò níbẹ̀, a sì máa lọ́ mọ́ra wọn títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi kú.

Ẹ̀rí wà pé bí ohun tó ń ṣùjọ bá ṣe pọ̀ tó ṣe pàtàkì. Jíìnì APP wà lórí kírómósómù 21. Àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn Down ní kírómósómù 21 mẹ́ta dípò méjì, APP wọn sì pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ogójì ọdún, amyloid ti wà nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Bí àpọ̀jù ẹ̀dà bá ń fa àìsàn, ó bọ́gbọ́n mu kí a dán dídín ẹ̀dà kù wò. Lecanemab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, ń kó amyloid tó ti dì kúrò. Kì í ṣe oògùn RNA. Oògùn RNA ń dín ṣíṣe rẹ̀ kù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè wọ ibi tí tau ti ń jáde nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Bí oògùn ṣe ń mọ ẹ̀dà tó yẹ

A ti kọ́ pé lẹ́tà A ń so mọ́ U, G sì ń so mọ́ C. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

RNA òjíṣẹ́: G A C U U A G C
Okùn oògùn: C U G A A U C G

Okùn kúkúrú tí a kọ lọ́nà yìí yóò rọ̀ mọ́ RNA tí a fẹ́. Ní 1978, Paul Zamecnik àti Mary Stephenson fi irú okùn bẹ́ẹ̀ dá kòkòrò àrùn kan tó ń mú adìyẹ lọ́wọ́ kọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì wa, bí okùn oògùn bá ti rọ̀ mọ́ RNA, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ RNase H1 á rí i, á sì gé RNA náà já. Okùn oògùn kò bá a lọ. Ó tún lè wá òmíràn mú.

Báwo ni gígùn rẹ̀ ṣe yẹ kó tó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà, nítorí náà ọ̀nà tí a lè gbà to lẹ́tà 10 jẹ́ 4 ní ìlọ́po 10, ìyẹn 1,048,576. DNA ènìyàn ní nǹkan bí bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Bí a bá lo okùn lẹ́tà 10 péré, ibi tó lè ṣèèṣì bá mu yóò tó nǹkan bí 3,000, jàǹbá ńlá sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà to lẹ́tà 18 lé ní bílíọ̀nù 68. Okùn lẹ́tà 18 lè mọ ẹni tó ń wá. Lẹ́tà 18 gan-an ni nusinersen ní, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 2016 fún àìsàn iṣan-ara kan tó ń pa ọmọ ọwọ́. Òun kò gé RNA ní tirẹ̀. Àtúntò RNA náà ló ń ṣe, kí purotéènì tí ọmọ náà ṣaláìní lè pọ̀ sí i. Àwọn ọmọ tí kò bá ti lè jókòó láé jókòó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé okùn RNA lè wo àìsàn sẹ́ẹ̀lì iṣan-ara.

Ọ̀nà kejì ń lo okùn méjì tó so mọ́ra, lẹ́tà bíi 21 sí 23. Andrew Fire àti Craig Mello ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1998, nínú aràn kékeré kan tí kò ju mìlímítà kan lọ, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Sẹ́ẹ̀lì á mú ọ̀kan nínú okùn méjèèjì, á fi ṣe atọ́nà, á sì máa gé gbogbo RNA tó bá a mu. Oògùn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, patisiran, jáde ní 2018. Ọ̀nà kẹta ni kí a fún ara ní RNA tuntun kí ó fi hun purotéènì tí kò tó, bí àjẹsára Kòrónà kan ṣe ṣe. Iṣẹ́ Katalin Karikó àti Drew Weissman ní 2005 ló là á. Fún àrùn ìgbàgbé, ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ti jìnnà jù.

Ibi tí ìdánwò dé

Ní 2023, Catherine Mummery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ èsì BIIB080 jáde, okùn kan tó ń lé RNA tau. Àwọn ènìyàn 46 tí Alzheimer wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló kópa. 34 gba oògùn, 12 gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Lára àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀ jù, tau inú omi ọpọlọ wọn dín ju ìdajì lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 24 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ní ọdún kan náà ni iléeṣẹ́ Alnylam kéde pé mivelsiran, tó jẹ́ okùn méjì tó ń lé RNA APP, dín ohun tí ara ń gé láti ara APP kù dé 90% pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo nínú àwọn kan. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò nínú ọpọlọ ènìyàn.

Ẹ kíyè sí ohun tí a sọ àti ohun tí a kò sọ. A sọ pé tau dín, APP dín. A kò sọ pé ìyá kan rántí orúkọ ọmọ rẹ̀. Ènìyàn 46 kéré jù láti fi mọ ìyẹn. Ààbò ni ìdánwò ìpele kìíní ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìròyìn oògùn tuntun tí kò sì lè ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ yóò máa fọkàn àwọn ẹbí aláìsàn rìnrìn-àjò asán.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn wà. Àìsàn Huntington tún wà lára èyí tó ń ba ìrántí àti ìrìn ènìyàn jẹ́. Oògùn RNA kan fún un, tominersen, dín purotéènì tó ń fa àìsàn náà kù dáadáa nínú ìdánwò kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìdánwò ńlá, iléeṣẹ́ Roche dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù Kẹta 2021: àwọn tí wọ́n ń fún ní oògùn náà léraléra burú ju àwọn tí kò gbà á lọ. Oògùn náà kò ya purotéènì tó bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára. Ṣùgbọ́n tofersen, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 fún irú àìsàn iṣan-ara kan tí jíìnì SOD1 ń fà, gba ọ̀nà kan náà kọjá.

Lẹ́tà Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀

Bí okùn oògùn bá gbọ́dọ̀ bá RNA mu lẹ́tà fún lẹ́tà, RNA ta ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀? Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ lára àwọn ènìyàn kan ní ibi tí okùn náà fẹ́ rọ̀ mọ́, ó lè má dì mọ́ ọn dáadáa. Ìyàtọ̀ lẹ́tà sì pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà ju ibòmíràn láyé lọ, nítorí pé ibí ni ènìyàn ti pẹ́ jù.

Yorùbá ní àǹfààní kan níbí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá iṣẹ́ HapMap sílẹ̀ ní 2002 láti wo ìyàtọ̀ lẹ́tà DNA láyé, àwọn Yorùbá Ìbàdàn ni wọ́n mú nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú ènìyàn 270 tí wọ́n kọ́kọ́ lò, 90 jẹ́ Yorùbá: bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. Títí dòní, ẹni tó bá ń ṣe oògùn ní Boston tàbí Tokyo lè ṣí kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi okùn rẹ̀ wé lẹ́tà àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní YRI, ìyẹn Yorùbá ní Ìbàdàn.

Àmọ́ kì í ṣe torí àrùn ìgbàgbé ni wọ́n fi kó àwọn wọ̀nyẹn jọ. Èyí ni iṣẹ́ tí Rúfọ́ọ̀sì Akínyẹmí àti ẹgbẹ́ African Dementia Consortium, tí wọ́n ń ti Yunifásítì Ìbàdàn darí, ń ṣe: láti kó DNA àwọn àgbà nílẹ̀ Áfíríkà, tó ní àrùn àti tí kò ní, tí wọ́n ń lépa nǹkan bí 5,000. Ibi ìpamọ́ ọpọlọ tún wà ní Ìbàdàn tí àwọn ẹbí lè fi ọpọlọ òkú wọn ránṣẹ́ sí. Mo mọ̀ pé èyí kò rọrùn láti gbọ́ ní ilé tí a ti ń sin òkú ní odindi.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, àti abẹ́rẹ́ awọ ara

Ògiri kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí okùn RNA kò lè gbà kọjá. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gún oògùn bíi BIIB080, sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ká, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mélòó kan. Láti Ọ̀tan, ilé ìwòsàn ńlá tí aláìsàn lè forí lé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Òṣogbo tàbí ní Wesley Guild, Iléṣà, kò sì sí àgbà kan tí kì í bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ti owó kò ṣeé fẹnu sọ tán: $125,000 ni wọ́n fi lé abẹ́rẹ́ nusinersen kan nígbà tó jáde.

Nítorí náà, mo gbà pé oògùn RNA tí yóò kọ́kọ́ wúlò fún ọpọlọ àgbà ní Ọ̀tan lè má dé ọpọlọ rárá. Ẹ̀dọ̀ ló rọrùn jù lọ fún okùn RNA láti wọ̀. Bí wọ́n bá so irú ṣúgà kan mọ́ ọn, tí wọ́n gún un sábẹ́ awọ ara bí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀dọ̀ á gbà á wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe angiotensinogen, purotéènì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ohun tó ń fa àrùn ìgbàgbé ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Oògùn RNA kan, zilebesiran, ń fọ ẹ̀dà angiotensinogen. Nínú èsì tó jáde ní 2023, abẹ́rẹ́ kan tó pọ̀ tó mú kí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wà nílẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún bàbá tó ń gbàgbé láti lo oògùn òòjọ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbàgbé náà ni àìsàn rẹ̀.

Àti pé a kò ní láti dúró dè é. Nínú ìdánwò kan tó kan abúlé 326 ní Ṣáínà, àwọn olùtọ́jú abúlé, tí wọn kì í ṣe dókítà ńlá, fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lásán tọ́jú àwọn ènìyàn ní apá kan lára àwọn abúlé náà fún ọdún mẹ́rin. Nínú ènìyàn 33,995 tí wọ́n kà, àrùn ìgbàgbé dín ní 15% ní abúlé tí ìtọ́jú náà ti wáyé ju ti àwọn abúlé yòókù lọ. Irú òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Bólúwadúró.

Ìbéèrè

1. Kọ okùn oògùn tó bá RNA yìí mu: A U G G C A U C C G U A.

2. Ṣírò iye ọ̀nà tí a lè gbà to lẹ́tà 14. Ǹjẹ́ okùn lẹ́tà 14 tó láti dá RNA kan ṣoṣo mọ̀ nínú DNA oní-bílíọ̀nù 3 lẹ́tà? Fi ìṣirò rẹ hàn.

3. Oníṣòwò kan ní ọjà sọ pé abẹ́rẹ́ RNA yóò yí DNA àwọn ọmọ tí ènìyàn kò tíì bí padà. Lo ohun tí a kọ́ nípa kókó sẹ́ẹ̀lì láti dá a lóhùn.

4. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ ṣe oògùn tó ń lé RNA APOE e4. Kí ni èsì Ìbàdàn ti 2014 yóò mú kí o béèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbé ìdánwò wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun?

5. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí, ẹ bá òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé lọ sí agboolé márùn-ún ní àdúgbò yín, kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó ti lé ní ọdún 60. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ ṣírò iye àwọn tí tiwọn lé ní 140 lórí 90, kí ẹ sì béèrè mélòó nínú wọn ló ń lo oògùn lọ́wọ́.